Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ìran Kan Ṣoṣo Jẹ Òkúta Òkèlúsè Tán?

Bí ẹnikẹ́ni bá pe Òkèlúsè ní ìlú etí òkun, àwọn ọmọ ìlú náà yóò rò pé ó ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ni ìlú náà wà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lápá ibi tí a ti bá ìpínlẹ̀ Ẹdó pààlà. Igbó àti oko ni ó yí i ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí òkun láti ibẹ̀ yóò wọ mọ́tò títí dé Igbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, yóò sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Síbẹ̀, òkun ti wà ní Òkèlúsè rí. Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Òkúta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú náà ni ẹlẹ́rìí, òkúta yìí kan náà ni ó sì bí ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Ọ̀dọ̀ ẹbí màmá mi ni mo ti lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí ó kọjá. Mo ti gbọ́ nípa òkúta Òkèlúsè ní kíláàsì kí n tó débẹ̀, nítorí olùkọ́ wa tí ó ń kọ́ wa ní Jọ́gíráfì kò lè sọ̀rọ̀ nípa ohun àlùmọ́ọ́nì ìpínlẹ̀ Oǹdó kí ó má dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ilẹ̀ Agbábù. Àpáta gàgàrà bíi ti Ìdànrè ni mo ń retí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń wá lè rìn kọjá lórí rẹ̀ lọ sí oko kí ó sì padà wálé láì mọ̀ pé òun tẹ nǹkan kan. Ibi tí àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ ni ó ti yọjú síta, ní ìpele ìpele bí ẹni to àkàrà lérí ara wọn, àwọ̀ rẹ̀ funfun tí ó dà bí eérú. Ó rọ̀ ju òkúta tí a fi ń ṣe títì lọ. Ọ̀bẹ lè ha á. Òkúta ẹfun ni àwọn ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n òkúta sìmẹ́ńtì ni àwọn tí mo bá níbẹ̀ ń pè é, ìwọ̀nba orúkọ yẹn sì ti sọ ohun tí wọ́n ń retí lára rẹ̀.

Mo mú èyí tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ, mo sì yí i wò. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, àwòrán ìkarahun kékeré kan wà nínú òkúta náà, ó rí rìbìtì, ilà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ bíi ti ìkarahun tí àwọn ọmọdé ń ṣà ní etí òkun Èkó. Mo fi ọ̀bẹ ha òkúta náà títí tí ìyẹ̀fun fi jáde, mo sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé ìyẹ̀fun náà lórí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ti sọ. Ó hó. Ìfófòó kékeré kékeré ni, kì í ṣe ohun tí a lè fi pe ọ̀jà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ilé ìwé, ẹ lè fi ìkarahun ìgbín dán an wò, nítorí ohun kan náà ni wọ́n. Ara ìkarahun àti egungun àwọn ẹ̀dá inú omi ni òkúta ẹfun ti wá. Wọ́n ń kú, wọ́n ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun tí kò jìn, èyí tí ó tẹ̀ lé wọn ń bò wọ́n, ìwọ̀n ohun tí ó wà lókè ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi di òkúta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, omi fà sẹ́yìn. Òkúta irú èyí tí ó wà ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ sọ pé ènìyàn bí irú tiwa yìí kò tíì lò ju nǹkan bí 300,000 ọdún lọ lórí ilẹ̀ ayé. Nígbà tí a fi máa dé, òkúta náà ti ń dúró tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé wọn yóò dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Òkèlúsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Nínú ẹbí wa, ọ̀rọ̀ náà ti pín ilé sí méjì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin jẹ́ àgbẹ̀ olókòó kòkó. Wọ́n ní igi kòkó ti gbó, ọ̀nà kò dára, ọmọ mẹ́ta nínú ọmọ wọn sì ti lọ sí Èkó àti Àkúrẹ́ nítorí pé kò sí iṣẹ́. Ní tiwọn, bí ilé iṣẹ́ bá dé lónìí, ó ti pẹ́ jù. Ìyá àgbà wa kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó síta.

“Tí wọ́n bá kó o tán ńkọ́?”

“Màámi, ẹ má dààmú ara yín. Kò lè tán lójú wa.”

“Ojú ta ni yóò wá tán?”

Ẹ̀gbọ́n màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iye owó tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ńtì kan. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ohun kan kò bá ní tán lójú wọn, a jẹ́ pé lójú mi tàbí lójú ọmọ mi ni.

Kí n tó dáhùn ìbéèrè tí ó wà ní orí àròkọ yìí, ó yẹ kí n sọ ẹni tí òfin wí pé ó ni òkúta náà. Kì í ṣe ìyá àgbà, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n màmá mi, kì í sì í ṣe ìlú. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ tún yàtọ̀: ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 àti òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì. Ẹni tí ó bá gbin kòkó sórí ilẹ̀ ni ó ni kòkó rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí gbòǹgbò kòkó náà fẹnu kan òkúta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ. Mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń jiyàn lórí òkúta náà ní abúlé kò mọ èyí, àwọn tí ó sì mọ̀ ń ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ̀.

Ìmọ̀ àwọn baba wa nípa ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Odògbolú ṣàlàyé fún wọn pé ìdílé ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, àti pé nínú ìdílé náà, àwa tí a wà láàyè ni a kéré jù. Àwọn tí ó ti lọ pọ̀, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìṣẹ́jú kan kí a sì wo ibi tí yóò gbé wa dé. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Lórí ilẹ̀ oko, ààlà náà hàn: igi pèrègún ni, tàbí odò kékeré. Ibo wá ni ààlà wà láàárín tèmi àti ti ọmọ ọmọ mi nínú òkúta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé òkúta kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ kàn rárá, pé kí a fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, títí di òní yìí kò sì sí ẹni tí ó lè dúró ní Abẹ́òkúta kí ó sọ pé kí wọ́n fi àdó fọ́ Olúmọ láti fi ṣe títì. Òkè Ìbàdàn ní àjọ̀dún tirẹ̀. Àpáta tí ó ga, tí ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá, a fún un ní orúkọ, a ń kì í, a ń bọ ọ́. Òkúta Òkèlúsè kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ogun. Kò ga. Kò ní oríkì tí mo gbọ́. Àwa ènìyàn a máa wárí fún ohun tí ó bá ga jù wá lọ, a kì í sì í wo ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò ó títí, mi ò rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí gíga òkúta jẹ́ ohun tí yóò sọ bí a ó ṣe bọ̀wọ̀ fún un.

Síbẹ̀, èmi kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta ẹfun. Inú kíláàsì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ni mo ti ń kọ àròkọ yìí. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ibi tí wọ́n ti bí mi. Láti ọdún 1960 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ta ni ó lè ka iye ilé ìwé, afárá àti ilé ìwòsàn tí òkúta ibẹ̀ ti di ní ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tí ó ń sun inú ilé búlọ́ọ̀kù tí ó sì ń sọ fún àgbẹ̀ Òkèlúsè pé kí ó má jẹ́ kí wọ́n fọ́ òkúta rẹ̀, aláṣejù ni lójú mi. Ó fẹ́ kí òkúta ìlú ẹlòmíràn fọ́ kí ti ìlú yìí lè máa dùn ún wò.

Nítorí náà, ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá kí a fọ́ ọ. Ìtumọ̀ jíjẹ nǹkan tán ni mo ń wá.

Kòkó ẹ̀gbọ́n màmá mi ń so lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá ta ti ọdún yìí tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra aṣọ òde fún gbogbo ilé, ìwà àpà lásán ni. Ọdún tí ń bọ̀ igi yóò tún so. Òkúta kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ta òkúta tí ó sì fi owó rẹ̀ ra aṣọ òde kò ta èso, oko gan-an ni ó tà. A mọ ohun tí a ń pe ọmọ tí ó bá ta ilé baba rẹ̀ láti fi ṣe fàájì. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi yẹ ìran kan tí ó bá ta ohun tí ó gba òkun ní àìmọye ọdún láti kó jọ, tí kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé mò ń dá ẹ̀rù ba àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ibi méjì. Ìkíní kò jìnnà. Ní agbègbè Jos, àwọn òyìnbó àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn wa tánganran fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àkókò ìjọba amúnisìn àti lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọjà tánganran ṣubú, wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòtò tí omi ti kún. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi náà láti fi gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí dára. Àwọn ọmọdé a sì máa kú sínú àwọn kòtò kan náà.

Ibi kejì ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa, nítorí òun ni ó jọ Òkèlúsè jù lójú mi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà gan-an. Nauru ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan ni, nínú òkun Pàsífíìkì, gbogbo rẹ̀ kò ju 21 kìlómítà níbùú lóròó lọ, iye ènìyàn ibẹ̀ kò sì tó ti ọ̀pọ̀ ìlú kékeré níhìn-ín. Àárín erékùṣù náà kún fún phosphate, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n ti ń kó o lọ fún oko àwọn ará Ọsirélíà àti àwọn mìíràn. Nígbà tí Nauru gba òmìnira ní 1968, àwọn fúnra wọn gba iṣẹ́ náà. Owó wọlé débi pé ní àwọn ọdún 1970, wọ́n wà lára àwọn tí ó lówó jù láyé bí a bá pín owó wọn kan orí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé owó kan sápá kan fún ọjọ́ iwájú pẹ̀lú, a kò lè sọ pé wọn kò ronú. Ṣùgbọ́n ìnákúnàá àti òwò tí kò yẹ kí wọ́n dá ni ó jẹ púpọ̀ nínú owó náà. Wọ́n tiẹ̀ fi owó sínú eré orí ìtàgé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993 tí kò pẹ́ tí ó fi kógbá sílé. Nígbà tí phosphate tí ó rọrùn láti wà tán, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá dé Nauru lónìí yóò rí òkúta tí ó yani lẹ́nu. Ní àárín erékùṣù náà, òkúta ẹfun tí ó ti ara iyùn inú òkun wá dúró ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín, bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹ, kò sí ilé láàárín wọn, kò sí oko. Ọlọ́run ni ó dá òkúta náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó bó ẹran ara ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún erékùṣù náà. Àwọn ènìyàn fún ara wọn mọ́ etí òkun, òkun ní iwájú, òkúta ní ẹ̀yìn. Wọ́n pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní 1989 nítorí ilẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ ṣáájú òmìnira, Ọsirélíà sì gbà láti san owó ní 1993. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wo ni ọmọ Nauru lè gbé baba tirẹ̀ lọ?

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ṣe báyìí. Norway rí epo lábẹ́ òkun rẹ̀ ní 1969, ní 1990 wọ́n sì ṣe òfin láti máa kó owó epo náà jọ. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí ni pé èrè tí wọ́n ń retí lórí owó náà, nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ni ìjọba lè ná. Ìyá owó jókòó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ohun tí kì í so lẹ́ẹ̀mejì di igi kòkó. Ìyẹn gan-an ni mo ń pè ní ààlà láàárín ti baba àti ti ọmọ. Ẹnìkan lè ní Norway lówó tẹ́lẹ̀, pé ẹni tí ebi kò pa ni ó ń fi iṣu pamọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kò lè sọ fún ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó pé kí ó dúró de èrè 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ Nauru náà lówó rí, ó tiẹ̀ lówó gan-an, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ òkúta ẹfun tí kò sí nínú ti tánganran, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á ní alẹ́ tí a jókòó síta yẹn. Láti fi òkúta yìí ṣe sìmẹ́ńtì, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì sun ún nínú iná tí ó gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti ń jóná, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí àwọn ẹ̀dá inú òkun ti dè mọ́ inú ìkarahun wọn láti ìgbà láéláé á jáde. Nínú 100 kìlógíráàmù òkúta ẹfun tí kò ní àbùlà, 44 ni yóò di afẹ́fẹ́ yìí tí yóò sì bá ojú ọ̀run lọ, a kò tíì ka ti èédú tàbí gáàsì tí wọ́n fi dá iná. Ní gbogbo ayé, nǹkan bí 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú síta ni ó ń wá láti ara sìmẹ́ńtì. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú kí ayé gbóná, ìgbóná náà ni ó ń yọ́ omi dídì, tí ó sì ń mú kí òkun ga sí i.

Nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ìlú kan wà tí ó ń jẹ́ Ayétòrò. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tiwọn, àwọn ènìyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti wò wọ́n. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ìjọsìn àti òpópónà wọn lọ. Kì í ṣe gíga òkun nìkan ni ó fà á. Ilẹ̀ wọn rọ̀, àwọn ohun mìíràn tí ènìyàn ṣe sí etí òkun náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun tí ó ń ga kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni etí omi wọn, kò sí òkúta kankan tí yóò dá ìgbì dúró. Òkúta tí òkun àtijọ́ fi sílẹ̀ wà ní Òkèlúsè, òkun òde òní wà ní Ayétòrò, ó ń wọ yàrá ènìyàn. Bí a bá sun ti Òkèlúsè, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ayétòrò ní irú omi. Díẹ̀ ni, mi ò fẹ́ bù mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ kan kò lè mú kí òkun àgbáyé ga ní ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé tòun kò tó nǹkan, kí ó rántí pé ohun tí gbogbo ẹni tí ó ni òkúta láyé ń sọ nìyẹn.

Èyí ni ó jẹ́ kí ìdáhùn Ẹlẹ́sì tó mi láti ibì kan, tí kò sì tó mi láti ibòmíràn. Ìdílé ńlá tí ó ni òkúta náà kì í ṣe òkú, alààyè àti ọmọ tí ń bọ̀ ní Òkèlúsè nìkan. Ọmọ Ayétòrò tí yóò sá fún omi wà nínú rẹ̀. Ọmọ Èkó tí yóò sun inú ilé búlọ́ọ̀kù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú gbogbo wọn, àgbẹ̀ tí ó ni oko tí ó wà lórí òkúta ni kòtò yóò kù sí lọ́wọ́, òun náà sì ni òfin kò fún ní òkúta náà. Mo rò pé níbi tí ìwà àìṣòdodo wà gan-an nìyí, kì í ṣe nínú fífọ́ òkúta.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, mo gbà kí wọ́n fọ́ òkúta Òkèlúsè. Mi ò gbà kí ìran kan ṣoṣo jẹ ẹ́ tán. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ohun tí ó bá kù nígbà tí òkúta bá tán. Ojú ọ̀nà tí yóò bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá lábẹ́ ẹsẹ̀ tírélà kan náà tí ó ń kó òkúta kò tó pààrọ̀. Ìyẹ̀fun ọdún Kérésìmesì fún ilé kọ̀ọ̀kan kò tó. Ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tí owó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí wọ́n dí padà, tí wọ́n sì gbin igi sí, sún mọ́ ọn. Ìwé òfin 1999 ní kí ó má dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àlùmọ́ọ́nì tí yóò padà sí ìpínlẹ̀ tí ó ti wá; ibi tí mo ń béèrè ni bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ lè rí ọ̀nà dé abúlé, kí ó sì jókòó síbẹ̀.

Òfin ìwakùsà ti 2007 kò tiẹ̀ burú tó bí àwọn kan ti ń sọ. Ó ní kí ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wa kùsà bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, kí wọ́n sì máa yẹ àdéhùn náà wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìṣòro mi ni àwọn tí ó máa ń jókòó yí tábìlì ká ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀: aṣojú ilé iṣẹ́, àwọn ìjòyè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bóyá olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Ọmọ tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, yóò ti pé ọdún 19 nígbà àyẹ̀wò kẹta. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì sí ẹnikẹ́ni tí ó bi í ní ìbéèrè kankan títí di ìgbà náà.

Mo fẹ́ kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí àwọn ilé ìwé girama tí ó wà ní agbègbè náà máa yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò jókòó sí i. Kò pọn dandan kí wọ́n fún un ní ìbò. Kí wọ́n jẹ́ kí ó ka ìwé àdéhùn náà sókè ní èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́, lẹ́yìn náà kí ó béèrè ẹni tí yóò dí kòtò náà, ọdún tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti báńkì tí owó rẹ̀ wà.